Ẹ̀ẹ̀rùn dé, koríko gbẹ: èwo lẹ máa fi kún oúnjẹ màlúù yín?

Lóṣù kìíní ọdún, ní pápá kan lẹ́yìn Ìséyìn, mo bá bàbá Fúlàní kan níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìgbẹ́ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tú u. Ẹlẹ́bọ́tọ náà le, ó dúró ní ìpele-ìpele bí ìgbà tí èèyàn to àkàrà léra, pòpóro koríko tí kò dà sì ń yọ nínú rẹ̀ bí okùn. Bàbá wò mí, ó ní: "Ẹran yìí ń jẹ, kò yó." Màlúù tó ni ìgbẹ́ ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ti ń jẹ koríko láti òwúrọ̀, ikùn rẹ̀ rí gbàǹgbà, ṣùgbọ́n èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ni mo máa ń rántí nígbàkigbà tí ẹnì kan bá bi mí pé èérí wo ni kí òun rà fún màlúù òun lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ló ń ra ohun tó ń kún ikùn, nígbà tó jẹ́ pé ikùn ti kún tẹ́lẹ̀. Ohun tí kò sí nínú koríko ló yẹ ká rà.

Koríko ilẹ̀ wa, ì báà ṣe koríko gíníì, ì báà ṣe èésún, a máa tètè ga lójò, a sì máa tètè le. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, nígbà tó ṣì rọ̀, èròjà amáradàgbà (protein) inú rẹ̀ a máa ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Tó bá fi máa di oṣù kejìlá, ó ti já sí 3 tàbí 4. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni 7. Bí amáradàgbà oúnjẹ bá ti kéré sí ìdá 7 nínú 100, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú àpòlúkù màlúù, àwọn yẹn gan-an ló sì ń bá a da koríko. Iṣẹ́ wọn á falẹ̀. Koríko á pẹ́ nínú ikùn, kò ní sí àyè fún òmíràn, màlúù á wá máa dín jíjẹ kù láàárín koríko tó yí i ká. Àwọn kòkòrò yẹn lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́. Bí wọ́n bá ti rí amáradàgbà díẹ̀, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́, koríko gbígbẹ tí ẹ ò náwó lé lórí á sì tún di oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan gbogbo wa nílẹ̀ Yorùbá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣe òfin tó ká ìfẹranjẹ̀ kiri lọ́wọ́ kò ní 2016, Ọ̀yọ́ ṣe tiẹ̀ ní 2019, Oǹdó àti Èkó ṣe tiwọn ní 2021. Màlúù tó wà nínú ọgbà kò lè rìn lọ wá ewé tútù létí odò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń bá a wá, ọwọ́ olówó rẹ̀ ló máa gbé e wá báyìí.

Kí ẹ tó béèrè iye owó

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ṣé koríko gbígbẹ ṣì wà ní ìdúró, àbí iná ìgbẹ́ ti gbá a lọ? Màlúù tó wọn 250 kílò a máa jẹ nǹkan bíi kílò 6 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Mẹ́wàá irú rẹ̀, fún oṣù mẹ́rin ẹ̀ẹ̀rùn, á jẹ ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù 7. Bí koríko bá wà, kílò kan sí méjì àfikún tó ní amáradàgbà ti tó láti mú kó wúlò. Bí kò bá sí koríko rárá, àfikún kọ́ lẹ ń wá mọ́, odidi oúnjẹ ni, ìṣirò rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Àwọn tó ń sin màlúù Nelore ní Bùràsíìlì mọ èyí dáadáa: kí òjò tó tán ni wọ́n ti máa ń ti apá kan pápá wọn pa kí ẹran má bàa wọ ibẹ̀, kí koríko lè wà ní ìdúró de ẹ̀ẹ̀rùn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, wọ́n á máa fún ẹran ní àfikún amáradàgbà àti iyọ̀, nígbà mìíràn gíráàmù kan péré fún kílò ara màlúù kọ̀ọ̀kan. Gíráàmù 250 lójúmọ́ fún màlúù oníkílò 250! Koríko ló ń ṣe iṣẹ́ yòókù. (Koríko gíníì àti Brachiaria tó kún pápá wọn, láti ilẹ̀ Áfíríkà níbí ló ti lọ. Ó yẹ kó dùn wá pé àwọn ló wá mọ̀ ọ́n lò jù wá lọ.)

Lẹ́yìn náà, ẹ wo màlúù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bi ara yín pé ìgbà wo lẹ fẹ́ tà á. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Akọ màlúù tó ṣì kéré, tí ẹ ò ní tà títí òjò á fi dé, tí á sì tún jẹ koríko tútù fún oṣù mẹ́fà, ẹ má da èérí olówó ńlá sí i lẹ́nu. Bí ó bá rù díẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, tí kò ṣàìsàn, a máa san án padà kíákíá nígbà tí koríko tuntun bá hù. Kí ẹ ṣáà má jẹ́ kó rù kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ fẹ́ tà kí òjò tó fìdí múlẹ̀, tàbí abo tó lóyún, tàbí èyí tó ń fún ọmọ lọ́mú, àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ náwó lé.

Ẹ sì wo kàlẹ́ńdà Iléyá. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Lọ́dọọdún ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára ju ti ọdún tó kọjá lọ. Ìyẹn ni pé tó bá fi máa di 2029, oṣù kẹrin ló máa bọ́ sí, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní Òkè-Ògùn, tí màlúù sì rù jù lọ láàárín ọdún. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń bọ́ màlúù lẹ́ẹ̀rùn, tirẹ̀ ló máa dá yàtọ̀ nínú kárà, ìyẹn ọjà màlúù, lọ́dún yẹn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí wà lára wọn.

Omi ńkọ́? Màlúù tó ń jẹ koríko gbígbẹ àti èérí nínú ooru a máa mu lítà 30 sí 50 lójúmọ́. Bí omi kò bá tó, ẹ má ra èérí kankan.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Iye amáradàgbà tó wà níbí, ti oúnjẹ náà ni lẹ́yìn tí a bá ti yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Ó máa ń yàtọ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin.

| Oúnjẹ | Amáradàgbà nínú 100 | Ohun tó wúlò fún | Ohun tó lè bà á jẹ́ |
|---|---|---|---|
| PKC (èérí ẹkùrọ́) | 14–18 | amáradàgbà àti okun pọ̀ | èèpo líle tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, òróró tó kan |
| Èérí ọtí bíà | 22–27 | amáradàgbà | omi inú rẹ̀. Kì í pẹ́ bàjẹ́ |
| Èérí kóró òwú | 25–40 | amáradàgbà | owó ọkọ̀. Kò dára fún ọmọ màlúù |
| Ewé ẹ̀pà gbígbẹ | 10–14 | amáradàgbà àti koríko pọ̀ | òjò, ewé tó gbọ̀n dànù |
| Ewé ẹ̀wà gbígbẹ | 13–18 | bákan náà | bákan náà |
| Ewé agúnmániyè (Gliricidia) | 20–25 | amáradàgbà lọ́fẹ̀ẹ́ | òórùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ |
| Dùsá (èérí ọkà), èérí àgbàdo | 9–12 | okun | owó rẹ̀ |
| Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ | 4–6 | okun | májèlé inú rẹ̀, iyanrìn, ehu |
| Yúríà | bíi 287 | oúnjẹ àwọn kòkòrò inú àpòlúkù | ikú |

Yúríà, ajílẹ̀ tí a ń fi sí àgbàdo, kì í ṣe amáradàgbà gidi. Náítírójìn ló wà nínú rẹ̀, ìdá 46 nínú 100, tí àwọn kòkòrò àpòlúkù lè sọ di amáradàgbà tó pọ̀ ju ìwọ̀n yúríà fúnra rẹ̀ lọ; ohun tí 287 yẹn ń sọ nìyẹn. Màá padà sórí rẹ̀.

PKC tàbí èérí ọtí bíà tútù?

Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n máa ń fi wéra jù ní àyíká Ìbàdàn, nítorí pé àwọn tó ń fún òróró ẹkùrọ́ wà káàkiri, ilé iṣẹ́ ọtí náà kò sì jìnnà. Bí ẹ bá wo tábìlì, ẹ lè rò pé èérí ọtí ló borí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí obìnrin ọlọ́jà ṣe máa ṣe é.

Àpò PKC oníkílò 50: omi inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 5 lọ. Kílò 45 tó kù, tí ìdá 16 nínú rẹ̀ bá jẹ́ amáradàgbà, ẹ ti rí kílò 7 rà. Àpò èérí ọtí tútù oníkílò 50: nǹkan bíi kílò 38 ni omi! Kílò 12 ló kù, ìdá 25 rẹ̀ sì jẹ́ kílò 3. Nítorí náà, bí owó àpò èérí ọtí tútù, pẹ̀lú owó ọkọ̀ rẹ̀, bá ti ju ìdá méjì nínú márùn-ún owó àpò PKC lọ, omi lẹ ń fi owó rà. Bí pápá yín bá wà ní Ṣakí, tí ẹ sì ń gbé omi láti Ìbàdàn tàbí Iléṣà wá síbẹ̀, ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ọtí, tó lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èrè ni fún un, nítorí màlúù fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú ooru wa. Bí ó bá ti ń rùn kíkan, tí ehu sì ti bò ó, ẹ dà á sórí ààtàn.

PKC ní àléébù tirẹ̀. Ó gbẹ, ó rí ṣàkì-ṣàkì lẹ́nu, màlúù tí kò jẹ ẹ́ rí á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, á sì yí orí kúrò. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ bu iyọ̀ ìkúnwọ́ kan sí i, ẹ pò ó mọ́ èérí àgbàdo fún ọ̀sẹ̀ kan, á gbà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tú àpò náà, ẹ má wo ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò rín in sí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó dára a máa fi òróró díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ a máa dà bíi ti àdín tuntun. Bí àwọn èèkù dúdú tó le bí òkúta bá ń gún yín lọ́wọ́, èèpo ẹkùrọ́ ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, màlúù kò lè rí nǹkan kan fi ṣe. Mo ti rà á rí lọ́wọ́ ẹnì kan tó jẹ́ pé nígbà tí mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ délé, èèpo líle tó kù lórí ajọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin àpò náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti ń ra àpò tí mi ò tú.

Èérí kóró òwú dára ju méjèèjì lọ ní ti amáradàgbà, ṣùgbọ́n láti apá Àríwá ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá, owó ọkọ̀ sì ń ga. Mo máa ń lò ó díẹ̀díẹ̀ fún èyí tí mo fẹ́ tà nìkan. Ẹ má fún ọmọ màlúù tí kò tíì máa jẹ koríko dáadáa, nítorí májèlé kan wà nínú kóró òwú tí àpòlúkù àgbà màlúù lè ṣẹ́gun, ti ọmọdé kò lè ṣe é.

Ewé ẹ̀pà tàbí agúnmániyè?

Ọ̀kan á ná yín lówó, èkejì á ná yín ní sùúrù.

Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà, tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí a lè rà, nítorí pé kò lè ṣe ẹran ní jàǹbá, kò sì gba ìmọ̀ púpọ̀. Kílò méjì lójúmọ́ fún màlúù oníkílò 250, ó ti tó láti mú koríko gbígbẹ rìn. Ṣùgbọ́n inú ewé ni amáradàgbà wà, kò sí nínú igi rẹ̀. Ìdì tí wọ́n ti sá sóòrùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sì jù sókè sọ́kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ewé rẹ̀ ti gbọ̀n dànù sójú ọ̀nà. Pòpóro ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹ gbọn ìdì náà níwájú ẹni tó ń tà á. Ìyẹn tí òjò ti pa, tó dúdú nínú, ẹ má rà á, torí pé ehu ẹ̀pà ní májèlé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Kíṣí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kórè. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi ewé yẹn sílẹ̀ sóko títí iná á fi jó o. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n sá a sábẹ́ igi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ewé rẹ̀ ṣì tutù lójú.

Agúnmániyè ńkọ́? Igi yìí wà ní ọgbà àwọn èèyàn káàkiri, wọ́n fi ṣe ọgbà, wọ́n fi ń ta iṣu, wọn ò sì mọ̀ pé oúnjẹ màlúù ni. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ní IITA àti ILCA n'Íbàdàn, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ti ẹran ọ̀sìn, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, òun àti igi lùsínà (Leucaena), wọ́n ń gbìn wọ́n ní ìlà-ìlà láàárín àgbàdo. Ewé rẹ̀ ní amáradàgbà tó ju ti PKC lọ. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún ewé tútù lójúmọ́ ti tó fún màlúù oníkílò 250. Òórùn rẹ̀ ni ìṣòro: màlúù tí kò mọ̀ ọ́n kò ní fẹnu kàn án. Ẹ gé e lónìí, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó rọ di ọ̀la, kí ẹ wá bu iyọ̀ sí i. Bí ọ̀kan nínú agbo bá ti jẹ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Ẹṣin kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ o.

Nǹkan kan wà tí àwọn tó gbìn ín kì í mọ̀, èyí tó máa ń já wọn kulẹ̀. Bí ẹ bá fi agúnmániyè sílẹ̀, lásìkò ọyẹ́ gan-an ló máa ń wọ́wé, á wá kún fún òdòdó, nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ nígbà tí òjò bá ku díẹ̀ kó tán, láàárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ewé tuntun tó bá sọ lẹ́yìn ìyẹn kò ní tètè wọ́, á bá yín dé àárín ẹ̀ẹ̀rùn.

Lùsínà dára bákan náà, àní adùn rẹ̀ ju ti agúnmániyè lọ lẹ́nu màlúù. Ṣùgbọ́n ó ní èròjà kan, mimosine, tó máa ń mú kí irun ẹran máa já. Ní Ọsirélíà, èyí dà wọ́n láàmú títí onímọ̀ kan níbẹ̀, Raymond Jones, fi rí i pé àwọn ewúrẹ́ Hawaii ń jẹ ẹ́ láìsí ewu, nítorí pé kòkòrò kan wà nínú àpòlúkù wọn tó ń fọ́ májèlé náà. Wọ́n gbé kòkòrò náà lọ fún màlúù Ọsirélíà, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ Jones. Ní tiwa, ẹ má jẹ́ kí lùsínà ju ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ lọ, kò ní sí wàhálà.

Èèpo ẹ̀gẹ́: ọrọ̀ tí a ń dáná sun

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà láyé yìí. Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe gaàrí níbikíbi, ẹ máa rí òkè èèpo tó ń jẹrà, tó ń rùn, tàbí tí wọ́n ti iná bọ̀. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn. Okun pọ̀ nínú èèpo yẹn.

Àmọ́ ẹ wo tábìlì padà. Ìdá 5 nínú 100 ni amáradàgbà rẹ̀. Màlúù tó ń jẹ koríko oní-4, tí ẹ wá ń fún ní èèpo oní-5, kò kúrò lójú kan. Ó tún lè burú sí i: bí èèpo bá pọ̀, màlúù á fi koríko sílẹ̀, á wá dúró ti ọpọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Mo mọ ẹni tó fi odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan kó èèpo fún màlúù mẹ́jọ lójoojúmọ́, láìfi nǹkan mìíràn kún un. Wọn ò kú. Wọn ò sanra.

Bí ẹkùrọ́ ṣe jẹ́ alábàákú ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ náà ni èérí rẹ̀ ṣe jẹ́ alábàákú èèpo ẹ̀gẹ́. PKC tàbí agúnmániyè mú amáradàgbà wá, èèpo mú okun wá, àpòlúkù á sì rí méjèèjì lò pa pọ̀. Àpòpọ̀ tí mo máa ń ṣe fún akọ màlúù tí mo fẹ́ tà nìyí, nínú 100 kílò: èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ 50, PKC 30, èérí kóró òwú 18, iyọ̀ àti èròjà egungun 2. Amáradàgbà rẹ̀ á lé díẹ̀ ní 12. Kílò mẹ́ta lójúmọ́ fún oníkílò 250, yàtọ̀ sí koríko pápá, fún oṣù mẹ́ta kí ọjà tó dé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kílò kan.

Májèlé ẹ̀gẹ́ pọ̀ nínú èèpo ju inú iṣu rẹ̀ lọ. Èèpo tútù láti ara ẹ̀gẹ́ kíkorò lè pa ẹran láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ sá a. Nínú ọyẹ́, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ti tó, lórí sìmẹ́ńtì tàbí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀, nítorí iyanrìn. Ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Èyí tó gbẹ dáadáa, bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, á dún pẹ́kẹ́. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ gan-an ni kí ẹ ti sá a, ẹ má gbé omi rẹ̀ wọ ọkọ̀. Àwọn onímọ̀ ILRI n'Íbàdàn, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó rọ́pò ILCA, ti fi ọ̀nà kan hàn tó yá ju èyí lọ: wọ́n á rin èèpo náà, wọ́n á fún omi rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fún gaàrí, wọ́n á jọ̀ ọ́, á sì gbẹ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan náà tó ń rin ẹ̀gẹ́ ló ń ṣe é. Àwọn ìyá tó ń ṣe gaàrí lè fi ṣòwò, ó sì yẹ kí àwa ọlọ́sìn lọ bá wọn pẹ̀lú àdéhùn tó mọ́yán lórí, kí owó èèpo wọn má bọ́ sí ọwọ́ alágbàtà nìkan.

Lójò, tí oòrùn kò sí, ẹ kó èèpo tó ti rọ díẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú tàbí dúrọ́ọ̀mù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin kí afẹ́fẹ́ má sí nínú rẹ̀, ẹ dé e pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Á kan, májèlé rẹ̀ á dín kù gan-an, á sì wà títí di ẹ̀ẹ̀rùn.

Yúríà: fún ẹni tó lè ka òṣùwọ̀n nìkan

Kò sí ohun tó pọ́ọ́kú tó yúríà bí a bá ń wá oúnjẹ fún àwọn kòkòrò àpòlúkù. Kò sì sí ohun tó ń pa màlúù kíákíá tó o. Bí màlúù bá jẹ ẹ́ pọ̀, láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí kan, á máa gbọ̀n, á máa yọ ìfófòó lẹ́nu, ikùn rẹ̀ á wú, á ṣubú. Fínígà lítà mẹ́ta sí márùn-ún pẹ̀lú omi tútù púpọ̀ lè gbà á là bí ẹ bá tètè rí i. Kí ó wà nílé kí ẹ tó ra yúríà, kí nọ́ńbà dókítà ẹran sì wà lórí fóònù yín.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 25 sí 30 lọ lójúmọ́ fún 100 kílò ara màlúù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Koríko gbọ́dọ̀ wà, okun díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀ (mọ̀lásíìsì, ìyẹn oje ìrèké dúdú tó ṣẹ́kù nídìí ṣúgà, dùsá tàbí èèpo ẹ̀gẹ́). Ẹ má fún màlúù tí ebi ń pa, ẹ má fún ọmọ màlúù, ẹ má sì pò ó mọ́ omi mímu láé. Bí òjò bá rọ̀ sínú ọpọ́n tí yúríà wà, ẹ da omi yẹn nù kí ẹran tó débẹ̀.

Òkúta tí ẹran ń lá ni ọ̀nà tó ní ààbò jù. Mọ̀lásíìsì 40, dùsá 33, sìmẹ́ńtì 12, yúríà 10, iyọ̀ 5. Ẹ pò wọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú báfù, ẹ jẹ́ kó le fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó gbọ́dọ̀ le débi pé ahọ́n nìkan ló lè mú un, kí eyín má lè bù ú jẹ. Èyí tó rọ̀ ni wọ́n ń bù jẹ, òun ló sì ń pa wọ́n. Ẹni tó ń fi màlúù rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ tí kò lè ka òṣùwọ̀n, kó ra PKC, kó fi yúríà sílẹ̀ fún àgbàdo.

Iyọ̀ àti káún

Iyọ̀ gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo. Káún dára, àmọ́ kò ní fosfọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó jẹ́ pé òun ni ilẹ̀ wa kò ní tó. Bí ẹ bá rí màlúù yín tó ń jẹ egungun tàbí tó ń họ ògiri lá, fosfọ́rọ́ọ̀sì ló ń wá. Ní South Africa, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, dókítà ẹran kan, Arnold Theiler, fi hàn pé egungun òkú ẹran tí màlúù ń jẹ nítorí àìtó yìí ló ń kó májèlé tó ń pa wọ́n. Àmọ́ ìgbà òjò, nígbà tí ẹran ń dàgbà, ni fosfọ́rọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́ẹ̀rùn, bí amáradàgbà kò bá tíì sí, òun nìkan kò ní mú wọn sanra.

Ìgbẹ́ adìyẹ tí àwọn kan ń sá sóòrùn kí màlúù lè jẹ ẹ́, mi ò fi ọwọ́ sí i. Oògùn adìyẹ wà nínú rẹ̀, òkú adìyẹ wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ènìyàn ló sì máa jẹ ẹran yẹn.

Èwo lèmi máa mú?

Bí koríko bá wà ní ìdúró, tí màlúù kò sì níí lọ ọjà kí òjò tó dé: agúnmániyè bí ẹ bá ti gbìn ín, ewé ẹ̀wà tàbí ewé ẹ̀pà bí ẹ kò bá ní, PKC kílò kan sí kílò kan ààbọ̀ bí ewé kò bá sí. Bí ó bá jẹ́ ti Iléyá tàbí ti alápatà: àpòpọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ àti PKC tí mo kọ sókè. Bí iná bá ti jó pápá yín, ẹ ṣe ìṣirò òótọ́ pẹ̀lú ara yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, títa ìdajì agbo lóṣù kejìlá kí wọ́n tó rù sàn ju ríra oúnjẹ fún gbogbo wọn títí oṣù kẹrin.

PKC, èérí kóró òwú àti ewé kò pọn dandan lójoojúmọ́. Ẹ lè kó ti ọ̀sẹ̀ kan jọ, kí ẹ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó máa ń ṣiṣẹ́ bákan náà, ó sì ń dín làálàá kù. Àpòpọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ kò gba irú rẹ̀, yúríà náà kò gbà á, ojoojúmọ́ ni. Ọpọ́n gbọ́dọ̀ gùn tó kí gbogbo wọn lè jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì fún àgbà màlúù kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn alágbára á jẹ tiwọn, wọ́n á jẹ ti èyí tó rù mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ padà lọ wo ẹlẹ́bọ́tọ. Bí ó bá ti rọ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí pòpóro kò sí nínú rẹ̀ mọ́, ẹ ti wà lọ́nà. Bí ó bá ṣì ń dúró ní ìpele-ìpele, ẹ fi ìdajì kílò kún un.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀, ẹ má tètè kó ọpọ́n wọlé. Ewé tútù àkọ́kọ́ yẹn, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Màlúù á máa sáré lé e kiri pápá, á kọ koríko gbígbẹ sílẹ̀, á máa ṣu omi, ara rẹ̀ á sì tún fà sí i. Ẹ máa fún wọn ní àfikún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sí i, títí koríko á fi ga dé kókósẹ̀ yín, kí ẹ tó máa dín in kù.